Ọ̀nà Ló Jìn: Àwọn Tí Ó Fẹsẹ̀ Rìn láàrin Etíkun àti Ẹkùn Ọ̀tún Ọ̀yọ́

Lóde òní, àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà a máa gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, wọn a sì máa fẹsẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú ní àwọn ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú. Wọn a wo òkun, wọn a wo ẹranko inú igbó, wọn a gun òkè, wọn a sì sùn sí ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí. Fàájì ni wọ́n fi í ṣe. Ẹni tí ó bá sú láàrin wọn a wọ ọkọ̀ padà sílé. Bí àwọn àgbà wa bá gbọ́ èyí, wọn a máa bèèrè pé kí ni ó lè mú ẹni tí ó ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́ máa fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti àwàdà. Kí mọ́tò àti rélùwéè tó dé, ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fi ń rin ilẹ̀ Yorùbá já, àyàfi ìwọ̀nba àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ní ẹṣin. Láàrin 1820 àti 1850, oríṣìí ènìyàn mẹ́ta wà lára àwọn tí ó ń rìn lójú ọ̀nà tí ó so etíkun pọ̀ mọ́ Ọ̀yọ́. Èkíní ni àwọn àlejò tí wọ́n rìn tí wọ́n sì kọ ìwé nípa ìrìn wọn. Èkejì ni àwọn aláàárù àti oníṣòwò, àwọn tí wọ́n ru ẹrù. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí wọ́n dè lókùn, tí wọ́n ń dà lọ sí etí òkun láti tà. Orúkọ àwọn èkíní ni ó kún inú ìwé ìtàn tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kà, wọ́n sì ń pè wọ́n ní akọni. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìtàn àwọn méjì yòókù pẹ̀lú, nítorí pé ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn jọ ń rìn.

Ipò tí ilẹ̀ Ìbàràpá wà

Ìlú méje ni a mọ̀ sí Ìbàràpá Méje: Ìgbò-Ọrà, Èrúwà, Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n pín sí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí. Ìgbò-Ọrà àti Ìdèrè wà ní Ààrin Gbùngbùn Ìbàràpá. Èrúwà àti Láńlátẹ̀ wà ní Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá. Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn sì wà ní Àríwá Ìbàràpá. Bí a bá wọn ilẹ̀ tààrà láti Ìgbò-Ọrà dé etí òkun ní Àgbádárìgì, ó lé ní 100 kìlómítà.

Ibi tí igbó dúdú ti ń parí, tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀, ni ilẹ̀ náà wà. Odò Ògùn ń ṣàn ní apá ìlà-oòrùn rẹ̀, odò Ọ̀fìkì sì ń ṣàn wá láti òkè láti pàdé Ògùn. Àwọn òkè òkúta dúró káàkiri, láti Ìdèrè àti Èrúwà títí dé Àdó-Àwáyè tí ó wà lẹ́bàá wọn, níbi tí adágún omi Ìyákẹ́ wà lórí òkè. Nígbà ogun, orí irú òkè bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń sá sí. Nígbà àlàáfíà, òkè ni arìnrìn-àjò fi ń mọ ibi tí ó dé.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, pín ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ sí ẹkùn mẹ́rin: Ẹkùn Ọ̀tún, Ẹkùn Òsì, Ìbọ̀lọ́ àti Ẹpo. Ẹkùn Ọ̀tún ni èyí tí ó wà ní apá ọ̀tún Odò Ògùn, inú rẹ̀ sì ni Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Òkèhò àti ilẹ̀ Ìbàràpá bọ́ sí. Ọ̀nà ńlá tí Ọ̀yọ́ fi ń ṣòwò pẹ̀lú àwọn ará etíkun gba ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ìbàràpá kọjá. Ó ti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa lónìí, ó sì já sí Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Ní Ìjannà, aṣojú Aláàfin kan wà tí ó ń bójú tó ilẹ̀ Ẹ̀gbádò àti ọ̀nà náà. Nítorí náà, kì í ṣe igbó tí kò lọ́nà ni àwọn Òyìnbó bá níbẹ̀. Ọ̀nà ọba ni wọ́n bá, tí ó ní olùṣọ́, tí ó ní ẹnubodè, tí ó sì ní ọjà.

Clapperton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Hugh Clapperton jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ Scotland ni wọ́n ti bí i ní 1788. Láàrin 1822 àti 1825, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba aṣálẹ̀ Sàhárà dé Bọ̀rọ̀nú, òun sì dé Sókótó. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ tún rán an níṣẹ́, etí òkun ni ó gbà wọlé. Wọ́n fẹ́ kí ó bá Sultan Bello ní Sókótó sọ̀rọ̀ lórí òwò àti lórí fífi òpin sí òwò ẹrú, wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tí Odò Ọya ti ń wọ inú òkun.

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1825 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Lára àwọn tí ó bá a wá ni Captain Pearce, Dókítà Morrison, àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander, ọmọ ọdún 21 láti Cornwall. Houtson, oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ti mọ etíkun náà, sì sìn wọ́n lọ. Ẹnì kan tún wà tí àwọn ìwé ìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ. Abu Bakr ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Haúsá láti Gobir, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ ní William Pascoe. Òun ni ògbufọ̀ wọn. Láìsí i, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí Clapperton kọ sínú ìwé rẹ̀ ni kò ní lè gbọ́.

Ní ọjọ́ keje oṣù kejìlá ni wọ́n mú ọ̀nà pọ̀n láti Àgbádárìgì. Ní àwọn òru àkọ́kọ́, ìta gbangba ni wọ́n sùn sí, láìsí àgọ́. Kò pẹ́ tí ibà fi dá wọn gúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó di ọjọ́ 27 oṣù kejìlá, ogúnjọ́ péré lẹ́yìn tí wọ́n gbéra, Captain Pearce kú. Ọjọ́ náà gan-an ni Dókítà Morrison, tí wọ́n ti ní kí ó máa padà sí etíkun, kú sí Ìjannà. Ní ayé ìgbà náà, àwọn oníṣègùn Òyìnbó gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú láti inú àbàtà ni ó ń fa ibà. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó fi hàn ní ilẹ̀ Íńdíà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò ibà kiri. Sísùn síta náà ni ó ṣe wọ́n léṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí afẹ́fẹ́; ẹ̀fọn ni wọ́n fi ara wọn fún.

Clapperton àti Lander kò yíjú padà. Àìsàn ń bá àwọn méjèèjì fà á, ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ. Wọ́n gba Ṣakí kọjá, wọ́n sì wọ Ọ̀yọ́-Ilé ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1826. Ìrìn tí ó ju 300 kìlómítà lọ ni, ó sì gbà wọ́n ní ọjọ́ 47. Aláàfin Májòótú gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Bí ó ti fẹ́ràn àlejò rẹ̀ tó, kò gbà kí ó gba ilẹ̀ Nupe kọjá tààrà, nítorí pé ogun wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n lò ní ààfin kí wọ́n tó gba ilẹ̀ Ìbàrìbá lọ sí Bussa, ibi tí Mungo Park kú sí ní 1806. Clapperton kò tún fojú kan ilé mọ́. Ó kú lẹ́bàá Sókótó ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1827, Lander àti Pascoe sì padà wá sí etíkun.

Ta ni ó ru ẹrù?

Arìnrìn-àjò òde òní a máa gbé ẹrù ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Clapperton kò ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹrù rẹ̀ pọ̀: aṣọ, oògùn, ẹ̀bùn fún àwọn ọba, ohun èlò tí wọ́n fi ń mọ ipò ìlú lórí ilẹ̀. Orí àwọn ọmọ Yorùbá ni gbogbo rẹ̀ fi dé Ọ̀yọ́-Ilé.

Bí ètò náà ṣe rí nìyí. Baálẹ̀ tàbí ọba ìlú kan yóò pèsè aláàárù tí yóò ru ẹrù àlejò dé ìlú tí ó tẹ̀ lé e. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àwọn mìíràn yóò sì gbé e. Òṣùká ni wọ́n fi ń gbé ẹrù sórí, ọ̀nà tóóró ni wọ́n sì ń tọ̀, tí ẹnì kan ń tẹ̀ lé ẹnì kan. Clapperton tìkára rẹ̀ jẹ́rìí sí ohun kan tí ó yà á lẹ́nu. Lẹ́yìn tí wọ́n ti rin 60 máìlì, ìyẹn nǹkan bí 96 kìlómítà, ní ọjọ́ mẹ́jọ, tí ọ̀wọ́ aláàárù bíi mẹ́wàá sì ti pààrọ̀ ara wọn lábẹ́ ẹrù, ó ní ohun tí ó tó ṣílè kan kò sọnù nínú ẹrù náà. Ẹ̀rí yìí ti ẹnu àlejò wá. Ó yẹ kí a máa kà á sétí àwọn ọmọ wa, nítorí pé ìwà ọmọlúàbí àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn ni ó jẹ́rìí sí.

Owó pàápàá jẹ́ ẹrù nígbà náà. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n máa ń sín pọ̀ mọ́ okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ó jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, èyí tí í ṣe ẹrù odindi ènìyàn kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ na ọ̀kẹ́ márùn-ún lọ́nà àjò ní láti wá ènìyàn márùn-ún tí yóò ru owó náà, kí ó sì bọ́ wọn pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lóye èyí yóò mọ ìdí tí àwọn oníṣòwò fi ń kó ara wọn jọ rìn ní ọ̀wọ́ ńlá, tí wọ́n sì fi ń tà, tí wọ́n ń rà bí wọ́n ti ń lọ.

Àwọn obìnrin pọ̀ nínú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń gbé ọjà láti ìlú kan dé òmíràn, àwọn náà ni wọ́n sì ń ta oúnjẹ ní arójẹ, ìyẹn ibi tí èrò ti ń dúró jẹun kí wọ́n tó wọ ìlú. Ní ẹnubodè, oníbodè yóò gba owó ibodè lọ́wọ́ oníkálukú. Bí wọ́n bá dé etí odò tí ó kún, bí Ògùn ní ìgbà òjò, igbá ńlá ni wọ́n fi ń gbé èrò kọjá. Èrò yóò dì mọ́ igbá náà nínú omi, òmùwẹ̀ tí ó mọ odò dáadáa yóò sì máa tì í títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Òyìnbó púpọ̀ ni ó kọ nípa ọkọ̀ igbá yìí pẹ̀lú ìyanu. Lójú àwọn tí wọ́n ń ṣe é, iṣẹ́ òòjọ́ ni.

Richard Lander àti ewu etíkun

Ẹni tí ó bá ka ìwé àwọn arìnrìn-àjò yìí yóò máa retí ẹkùn àti ejò. Àmọ́ ewu tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Richard Lander kò ti inú igbó wá. Nígbà tí ó padà dé Àgbádárìgì ní ìparí 1827, àwọn Potogí tí wọ́n ń ra ẹrú níbẹ̀ sọ fún ọba pé amí ni. Wọ́n mọ̀ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń lépa ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọn kò sì fẹ́ kí ẹni tí ó ti rí ọ̀nà wọn dé ilé. Wọ́n mú un lọ mu májèlé láàrin àwùjọ, láti fi mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Lander mu ún tán, ó rìn padà sí ibùwọ̀ rẹ̀, ó mu omi gbígbóná, ó sì bì í. Bí ó ṣe yè nìyẹn.

Síbẹ̀, ó tún padà wá. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1830, òun àti àbúrò rẹ̀ John gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, Pascoe sì tún wà pẹ̀lú wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n bá Adélé, ọba Èkó tí wọ́n ti lé kúrò lórí oyè. Ìgbà òjò ti ń wọlé, nítorí náà ẹrẹ̀, odò kíkún àti ariwo ọ̀pọ̀lọ́ ni ó bá wọn rìn. Wọ́n dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù karùn-ún, wọ́n dé Bussa ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, wọ́n sì wọ ọkọ̀ lójú Odò Ọya. Àwọn jàǹdùkú ojú omi mú wọn ní oṣù kọkànlá, àfi ìgbà tí wọ́n ṣèlérí owó ìràpadà ni wọ́n tó rí ọ̀nà jáde sí òkun ní Brass. Báyìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe mọ ibi tí Odò Ọya ti ń wọ òkun. Ní 1832, Richard Lander ni ó kọ́kọ́ gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ti ẹgbẹ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ayé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1830.

Àwọn ìwé a máa sọ pé òun ni ó "ṣàwárí" ẹnu odò náà. Àwọn apẹja Brass àti àwọn oníṣòwò epo tí wọ́n ń wa ọkọ̀ níbẹ̀ láti ìran baba wọn ńkọ́? Iṣẹ́ Lander tóbi, nítorí pé ó so ìmọ̀ àwọn tí ó wà lókè odò pọ̀ mọ́ ìmọ̀ àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì fi gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. A lè yìn ín fún èyí láìjẹ́ pé a sọ àwọn onílé di ẹni tí kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀.

Igbó àti ẹran inú rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti etíkun rìn wá sí òkè nígbà náà yóò rí ilẹ̀ tí ń yí padà. Yóò kọ́kọ́ rí ọ̀sà, àbàtà àti igi àgbọn. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ igbó kìjikìji tí oòrùn kì í ráyè wọ̀. Bí ó bá dé agbègbè Ìbàràpá, igi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká, koríko yóò ga ju ènìyàn lọ, òkè òkúta yóò sì yọ sókè lọ́ọ̀ọ́kán. Erin, ẹfọ̀n àti ẹkùn wà nínú igbó àti ọ̀dàn ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Ìgalà, ìmàdò, ọ̀yà, àparò àti awó kò ṣọ̀wọ́n.

Ọlọ́dẹ ni ó mọ gbogbo wọn. Òun ni ó mọ ibi tí ẹran ti ń mu omi, òun ni ó mọ ọ̀nà àbùjá nígbà tí ogun bá dí ọ̀nà ọba. Ìdí nìyí tí ọdẹ fi jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ìlú, tí ó sì tún jẹ́ afinimọ̀nà. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé ní ìgbà náà. Inú ìjálá ni ó wà, nínú oríkì erin, oríkì ẹfọ̀n àti ti àwọn ẹranko mìíràn, tí ó ń sọ ìrísí wọn, ìwà wọn àti bí a ṣe ń ṣọ́ra fún wọn. Adébóyè Babalọlá ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ìjálá nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1966. D. O. Fágúnwà pẹ̀lú mọ̀ pé ọdẹ ni ó yẹ kí ó jẹ́ olórí arìnrìn-àjò nínú ìtàn àròsọ Yorùbá, nígbà tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938.

Nǹkan ti yí padà. Oko, igi gígé àti ìbọn ti lé ọ̀pọ̀ ẹran ńlá kúrò ní agbègbè náà. Ọ̀yọ́-Ilé gan-an, tí Clapperton àti àwọn Lander bá nígbà tí ọba wà lórí ìtẹ́ níbẹ̀, ti dahoro kí 1840 tó dé, nítorí ogun. Inú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park ni ahoro rẹ̀ wà lónìí. Ilẹ̀ ọgbà náà fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú-lóròó, ọdún 1991 ni ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀. Ibi tí ẹṣin Aláàfin ti ń sáré rí ni ìmàdò àti ọ̀bọ ti ń jẹ̀.

Ọmọ Òṣóògùn

Ní 1821, ọdún mẹ́rin péré kí Clapperton tó gúnlẹ̀, ọmọdékùnrin kan rin ọ̀nà yìí láti òkè lọ sí etíkun. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Òṣóògùn ni ìlú rẹ̀, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ní apá àríwá ilẹ̀ Ìbàràpá. Kò tíì ju ọmọ ọdún 15 lọ. Àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú náà lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì fi okùn so Àjàyí, ìyá rẹ̀ Àfàlá àti àwọn àbúrò rẹ̀ pọ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ dà wọ́n lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn. Wọ́n dá ọmọ náà padà, wọ́n sì tún tà á.

Ó tún bá ìyá rẹ̀ gbé fún bíi oṣù mẹ́ta ní ìlú kan, kí wọ́n tó yà wọ́n. Láti ìgbà náà ni ó ti ń bọ́ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn, tí ó sì ń súnmọ́ òkun. Ẹ̀rù Òyìnbó bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú láti fi ọ̀já ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru. Nígbà tí wọ́n dé Ìkòsì, ó rí omi tí ó fẹ̀ ju gbogbo omi tí ó ti rí rí. Àwọn ọkùnrin gbé e jù sínú ọkọ̀ láàrin àwọn àpò àgbàdo, wọ́n sì fún un ní àbàlà kí ó jẹ ẹ́. Kò lè jẹ ẹ́. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ni ó wà, tí àbàlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ń retí ayé mìíràn, títí wọ́n fi dé Èkó ní ìdájí.

Ní Èkó, àwọn Potogí fi ẹ̀wọ̀n gígùn kan so ọrùn àgbà àti ọmọdé pọ̀. Bí inú bá bí àgbà kan tí ó sì fa ẹ̀wọ̀n náà, ọmọdé ni ó ń jìyà rẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ tí wọ́n kó o sí sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kàwé, tí ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní 1837, ó kọ ìtàn ìrìn yìí sínú lẹ́tà kan. Bí kò bá kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ ì bá wà láàrin àwọn tí ẹnikẹ́ni kò ní dárúkọ mọ́.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán fún àwọn ìran ìgbà náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí o rí nínú ìdè ní ilé tí ó ti wá, ó ní orúkọ, ó ní oríkì; ìrìn tí ó rìn ni ó jẹ́ kí ó dà bí ẹni tí kò ní ẹnìkan. Ọ̀nà kan náà tí ó sọ Clapperton di olókìkí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa orúkọ Àjàyí rẹ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan náà ni ó sì gbé e padà. Ó dé Àgbádárìgì ní 1845 gẹ́gẹ́ bí àlùfáà ìjọ CMS. Ogun dí ọ̀nà fún ọdún kan àti ààbọ̀. Ní 1846, òun àti Henry Townsend rìn gba inú igbó, nínú òjò, wọ́n sì wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ìyá rẹ̀ gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ó sì wá. Ọdún 25 ti kọjá. Crowther kọ ọ́ pé àwọn méjèèjì kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn. Ní 1848, Àfàlá ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah.

Orúkọ ìlú lẹ́nu àlejò

Iṣẹ́ mìíràn tún wà nínú ìtàn yìí fún àwọn olùkọ́ èdè. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣí ìwé Clapperton, tí wọ́n tẹ̀ ní 1829, tàbí ti àwọn Lander, tí wọ́n tẹ̀ ní 1832, kò ní rí Ọ̀yọ́-Ilé níbẹ̀. "Katunga" ni yóò rí, nítorí pé orúkọ tí àwọn Haúsá ń pè é ni wọ́n gbà. Ìjannà di "Jannah" tàbí "Jenna", Ṣakí sì di "Chaki". Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ìlú àjèjì ni wọ́n. "Yorùbá" gan-an jẹ́ orúkọ tí àwọn ará òkè ọya fi ń pe àwọn Ọ̀yọ́ kí ó tó di orúkọ gbogbo wa.

Crowther ni ó wá yí ọ̀ràn padà. Ó gbé ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n fìdí àkọtọ́ wa múlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin ní Ìsẹ́yìn ni ó kọ́ wa bí a ó ṣe máa kọ orúkọ Ìsẹ́yìn sílẹ̀ fúnra wa.

Ohun tí ilé-ìwé lè ṣe

Ọ̀nà ọ̀dà àti alùpùpù ti mú kí ìrìn rọrùn ní Ìbàràpá. Ohun tí ó ní láti múni ronú ni pé àwọn orúkọ tí ó wà lára ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́, bí orúkọ ibi ìsinmi, orúkọ àgbègbè odò tí a lè fẹsẹ̀ là kọjá, orúkọ igi tí èrò ń sinmi lábẹ́ rẹ̀, ń kú lọ pẹ̀lú àwọn àgbà tí ó mọ̀ wọ́n. Olùkọ́ lè rán akẹ́kọ̀ọ́ sí àwọn ọdẹ, àwọn ìyá oníṣòwò àti àwọn arúgbó tí ó ti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko àti ọ̀nà ọjà. Kí wọ́n bèèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà láti Ìgbò-Ọrà dé Abẹ́òkúta, láti Èrúwà dé Ìsẹ́yìn. Kí wọ́n kọ orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Bí àyè bá sì wà, tí àwọn òbí yọ̀ǹda, kí wọ́n bá olùtọ́nà tí ó mọ ibẹ̀ gun òkè Àdó-Àwáyè, kí wọ́n dúró wo ilẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù.

Láti orí òkè bẹ́ẹ̀, a kò lè rí òkun. Igbó àti ọ̀dàn ni a ó rí, títí ojú yóò fi dẹ́kun. Ibẹ̀ ni aláàárù Clapperton àti ọmọ Òṣóògùn ti rìn, ọ̀kan pẹ̀lú ẹrù lórí, èkejì pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ka orúkọ àwọn tí ó kọ ìwé, ó tọ́ kí ó mọ̀ pé àwọn méjèèjì yìí náà rin ìrìn-àjò.